Bí mo ṣe so ThinkPad ọdún 2008 mọ́ tẹlifíṣọ̀n Bàbá

Bàbá mi kò fẹ́ kọ̀ǹpútà tuntun. Mo ti bá wọn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn kan náà ni wọ́n ń fún mi: "Èyí tó wà nílẹ̀ yìí, kí ló ṣe é?" Ká sòótọ́, kò sí nǹkan tó ṣe é. ThinkPad X200 ni, irú èyí tó jáde lọ́dún 2008, tòkunbọ̀ tí mo rà fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Mo ti yọ háàdì díìsìkì rẹ̀ tó ń kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, mo fi SSD, irú díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀, mo sì gbé Linux Mint sí i, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe iṣẹ́ tí Windows ń ṣe. Kí ẹ tó bu omi mu tán, ó ti tàn. Ojú Bàbá ni ìṣòro. Ojú kọ̀ǹpútà náà kò ju ínṣì 12 àti díẹ̀ lọ, Bàbá sì ti di ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin. Wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ ọn débi pé imú wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì.

Lọ́jọ́ kan wọ́n nawọ́ sí tẹlifíṣọ̀n ínṣì 43 tó wà lára ògiri pálọ̀. "Àjàní, ohun tó wà nínú èyí, ṣé kò lè hàn lára ìyẹn ni?"

Mo ní ó lè hàn, pé iṣẹ́ wákàtí kan ni. Sátidé mẹ́ta ló gbà. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé mo mọ̀ pé irú kọ̀ǹpútà báyìí ṣì pọ̀ nílé àwọn èèyàn, tí ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ sọ nù.

Kí ẹnì kan tó béèrè: bẹ́ẹ̀ ni, mo ti kọ́kọ́ gbìyànjú fúláàṣì. Mo kó fọ́tò àti fídíò sí i, mo kì í bọ ìdí tẹlifíṣọ̀n. Fọ́tò hàn. Àwọn fídíò tí Bàbá fẹ́ wò gan-an, ìyẹn àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó àti ìsìnkú tí a ti dà sínú kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un, tẹlifíṣọ̀n kò mọ̀ wọ́n rárá. Ó ní òun kò gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, Bàbá fẹ́ ka ìwé ìròyìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú lẹ́tà ńlá, kí wọ́n sì máa fi kíbọọ̀dù tẹ nǹkan. Ẹni tó bá ti fi rìmóòtù tẹ orúkọ ara rẹ̀ rí lójú tẹlifíṣọ̀n á mọ ìdí tí wọn kò fi fẹ́ ìyẹn.

Sátidé àkọ́kọ́

Ihò kan ṣoṣo ni àwòrán lè gbà jáde lára X200: VGA, ihò aláwọ̀ búlúù tó ní ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ìlà mẹ́ta. IBM ló gbé e jáde lọ́dún 1987 pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà PS/2 wọn. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá ní ihò HDMI méjì, irú èyí tí àwòrán ń gbà wọ tẹlifíṣọ̀n òde òní, àti USB kan, kò ní VGA. Àwọn tẹlifíṣọ̀n tó ṣáájú rẹ̀ máa ń ní i, wọ́n á kọ "PC IN" sí i lára. Àmọ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, Intel, AMD, Dell, Lenovo, Samsung àti LG kéde pé àwọn máa yẹ̀ kúrò nídìí VGA, pé tó bá fi máa di 2015 kí ó ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n yìí.

Mo wọ ìsọ̀ kan lójú ọ̀nà, mo ní mo fẹ́ ohun tó so VGA mọ́ HDMI. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ na wáyà kan sí mi: VGA lórí kan, HDMI lórí kejì, kò sí nǹkan kan láàárín.

"Ṣé èyí á ṣiṣẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn kì í bọ̀ ọ́ ni. Kò ní wàhálà kankan."

Kò ní wàhálà lóòótọ́, nítorí pé kò ṣe ohunkóhun. Mo kì í bọ̀ ọ́, tẹlifíṣọ̀n ń sọ "No Signal". Mo pa á, mo tàn án. Mo tẹ Fn àti F7 lórí ThinkPad, èyí tó máa ń rán àwòrán jáde síta, mo tẹ̀ ẹ́ títí àlùkò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ lójú mi. "No Signal" náà ni.

Ìgbà yẹn ni mo gbé mítà tí mo fi ń yẹ wáyà wò jáde. Mo yí i sí ibi tó máa ń ké píì bí irin méjì bá kan ara wọn, mo fi ẹnu rẹ̀ kan sí abẹ́rẹ́ VGA, mo fi èkejì kan abẹ́rẹ́ HDMI lọ́kọ̀ọ̀kan. Píì. Wáyà pupa tààrà sí abẹ́rẹ́ kan, wáyà aláwọ̀ ewé tààrà sí òmíràn. Kò sí iṣẹ́ kankan láàárín wọn. Ẹni tó ṣe é kàn so irin mọ́ irin ni, bí ẹni so páìpù omi mọ́ wáyà iná tó wá ń retí kí gílóòbù tàn.

Ìdí tí kò fi lè ṣiṣẹ́ nìyí. Ohun tó ń gba VGA kọjá jẹ́ iná tó ń ròkè rodò. Pupa ní wáyà tirẹ̀, àwọ̀ ewé ní tirẹ̀, búlúù ní tirẹ̀. Bí àwọ̀ kan bá dúdú kirikiri, iná wáyà rẹ̀ á wà ní òdo. Bó bá mọ́lẹ̀ dé òpin, á gòkè dé 0.7 fóòtì (volt, òṣùwọ̀n agbára iná). Wáyà méjì mìíràn ló ń sọ ìgbà tí ìlà tuntun bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí odindi àwòrán tuntun bẹ̀rẹ̀. Ó parí. Kò sí ohùn níbẹ̀. HDMI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2002, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ròkè rodò. Nọ́ńbà ló ń kà: òdo àti ení, òdo àti ení, ní kíákíá, lórí abẹ́rẹ́ mọ́kàndínlógún, ohùn sì wà nínú rẹ̀. Ògbufọ̀ ni mo nílò, ẹni tó lè gbọ́ ti ọ̀tún kó sọ ọ́ fún ti òsì. Wáyà lásán kò lè ṣe ògbufọ̀.

Mo padà lọ, wọ́n ní ọjà tí a bá ti rà, a kì í dá a padà. Mo bá ẹsẹ̀ mi lọ sílé.

Sátidé kejì

Mo gba Queen Cinema lọ nílùú Ìbàdàn, níbi tí mo mọ̀ pé ẹni tó ń tún nǹkan ṣe àti ẹni tó ń tà á wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Àkọ́kọ́ tí wọ́n mú jáde fún mi jẹ́ òdìkejì ohun tí mo ń wá: ó ń gba HDMI, ó ń rán VGA jáde. Wọ́n jọra bí ìbejì, ẹ ṣọ́ra. Ẹ wo ẹnu wọn. Èyí tó bá jẹ́ pé VGA rẹ̀ ló ní abẹ́rẹ́ tó yọ síta, tí HDMI rẹ̀ sì jẹ́ ihò, ìyẹn ló ń ti kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí tẹlifíṣọ̀n tuntun. Ó tún ní ìrù USB kan, torí ògbufọ̀ yìí ń jẹ iná fóòtì 5 kó tó lè ṣiṣẹ́, ó sì ní ihò róbótó kékeré fún ohùn. Bí ẹ kò bá rí ìrù USB àti ihò ohùn yìí, ẹ béèrè dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ọ̀gá tó ni ìsọ̀ náà tiẹ̀ ní kí n jẹ́ kí àwọn dán an wò lójú mi. Irú ọlọ́jà báyìí ni mo fẹ́ràn.

Nílé, mo kì VGA bọ kọ̀ǹpútà, mo kì wáyà HDMI bọ kọnfátà (orúkọ ògbufọ̀ náà lọ́jà nìyẹn) àti tẹlifíṣọ̀n, mo ki ìrù USB bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, mo tẹ Fn àti F7. Àwòrán yọ! Bàbá pàtẹ́wọ́. Mo ṣí fọ́tò kan láti fi han wọn: àwa mẹ́rin níwájú ilé, ọdún keje sẹ́yìn.

Bàbá wò ó títí. "Ta ni ọ̀gbẹ́ni tó sanra tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yìí?"

Àwọn fúnra wọn ni.

Gbogbo wa ló sanra nínú fọ́tò náà. Orí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ bí ìsáasùn. Ohun tó fà á ni pé kọ̀ǹpútà ń rán àwòrán tó ní píkísẹ́lì (àwọn tóótòtó àwọ̀ tó para pọ̀ di àwòrán) 1024 ní ìbú àti 768 lóòró, ìyẹn ìrísí tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì àtijọ́. Tẹlifíṣọ̀n Bàbá ní 1920 ní ìbú àti 1080 lóòró, ó gùn ju ìyẹn lọ, ó sì ń fa àwòrán náà títí tó fi kún gbogbo ojú rẹ̀. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń yan ìwọ̀n àwòrán. 1920 kò sí nínú àwọn tí mo lè yàn. Èyí tó tóbi jù níbẹ̀ ni 1024 yẹn.

Ibí ni iṣẹ́ náà ti dùn mọ́ mi, ẹ jẹ́ kí n fẹsẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Bí ẹ bá so ojú kan mọ́ kọ̀ǹpútà, ojú náà máa ń ki oríkì ara rẹ̀ fún un. EDID ni orúkọ oríkì yìí, báìtì 128 ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: ẹni tó ṣe mí rèé, ọdún tí wọ́n ṣe mí rèé, bí mo ṣe fẹ̀ tó rèé, àwòrán tó wù mí jù lọ rèé. Abẹ́rẹ́ kejìlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún ló ń gbé e lára VGA. Iṣẹ́ kọnfátà ni láti gbọ́ oríkì tẹlifíṣọ̀n kó sì tún un kì fún kọ̀ǹpútà. Tèmi kò kì í. Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́nu ọ̀nà, kò mọ ẹni tó jẹ́, ó wá ń fi oúnjẹ tí gbogbo àlejò lè jẹ tọ́jú rẹ̀. Mo tẹ xrandr, àṣẹ Linux tó ń ṣètò àwọn ojú tó so mọ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ, ohun tí mo rí nìyẹn: VGA-1 wà ní sísopọ̀, àmọ́ 1024x768, 800x600, 848x480 àti 640x480 nìkan ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ó dáa. Bí tẹlifíṣọ̀n kò bá lè sọ orúkọ rẹ̀, èmi á sọ ọ́ fún un. Lórí Linux, àṣẹ kan wà tó ń bá èèyàn ṣe ìṣirò náà:

cvt 1920 1080 60

Ó dá mi lóhùn pẹ̀lú ìlà nọ́ńbà kan:

173.00 1920 2048 2248 2576 1080 1083 1088 1120 -hsync +vsync

Mo fi xrandr kó o wọlé, mo ní kí VGA-1 lò ó. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn biribiri. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, "No Signal". Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé mo ṣi nọ́ńbà kan tẹ̀. Rárá o. Nọ́ńbà náà pé. Mo lo wákàtí méjì nídìí ọ̀rọ̀ yìí, Bàbá ti lọ sùn ọ̀sán, wọ́n ti jí, wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, èmi ṣì ń wo òkùnkùn.

Ẹ fojú inú wo àgbẹ̀ tó ń kọ ebè. Bó bá kọ ìlà kan dé òpin, ó ní láti rìn padà sí ìbẹ̀rẹ̀ kó tó mú ìlà kejì. Bí tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì ṣe ń ya àwòrán nìyẹn: ìtànṣán kan á lọ láti òsì sí ọ̀tún, á sì padà. Àkókò ìpadàbọ̀ yẹn wà nínú ìlà nọ́ńbà òkè yìí. 1920 ni ohun tí a ń rí. 2576 ni gbogbo ìrìn, lílọ àti bíbọ̀. Ìyẹn ni pé cvt ya 656 sọ́tọ̀ fún ìpadàbọ̀ lásán, torí ó ṣì ń ro ti tẹlifíṣọ̀n onígíláàsì. Tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kò ní ìtànṣán tó ń rìn padà. Àwọn tó ń ṣe tẹlifíṣọ̀n òde òní ní ìlànà tiwọn, ìrìn 2200 péré ni wọ́n fún ìlà kọ̀ọ̀kan, ìpadàbọ̀ jẹ́ 280.

Kí ni ìyẹn wá já sí? Ẹ bá mi ṣírò: 2576 lọ́nà 1120 lọ́nà 60 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù 173 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìdí nìyẹn tí 173.00 fi ṣáájú nínú ìlà náà. HDMI ayé àkọ́kọ́ kò gbà ju mílíọ̀nù 165 lọ. Kọnfátà kékeré tí mo rà kò lè gbé ẹrù 173, ó kàn jókòó, ó dákẹ́. Àmọ́ 2200 lọ́nà 1125 lọ́nà 60 jẹ́ 148,500,000 géérégé. Àwòrán kan náà, píkísẹ́lì 1920 lọ́nà 1080 kan náà, ẹrù fúyẹ́.

Mo nu ti àkọ́kọ́ kúrò, mo kọ èyí:

xrandr --newmode "tv" 148.50 1920 2008 2052 2200 1080 1084 1089 1125 +hsync +vsync
xrandr --addmode VGA-1 tv
xrandr --output VGA-1 --mode tv; sleep 15; xrandr --output VGA-1 --mode 1024x768

Ìlà kẹta yẹn, òun ló yẹ kí n ti mọ̀ láti àárọ̀. Ó ní: lo ìwọ̀n tuntun, dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 15, kí o sì padà sí ti tẹ́lẹ̀. Bí ojú bá ṣókùnkùn, kò sí ìpayà; á padà fúnra rẹ̀. Ká ní mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní máa pa kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́.

Àwòrán yọ. Ó mọ́, ó fẹ̀ dé etí. Mo pariwo débi pé ajá aládùúgbò dáhùn. Bàbá wọlé, wọ́n wo fọ́tò náà, wọ́n fọwọ́ pa ikùn. "Ẹ̀n ẹ́n. Èmi rèé."

Iná lọ ní aago méje. A fi ìyókù sílẹ̀.

Sátidé kẹta

Mo débẹ̀ lówùúrọ̀, gbogbo ojú tẹlifíṣọ̀n ti pọ́n bí osùn tí wọ́n bu àlùkò sí. Ògiri funfun pọ́n, ewé pọ́n, ojú ọ̀run pọ́n. Bàbá ní àwọn kò fọwọ́ kàn án. N kò bá wọn jiyàn.

Ẹ má ṣe rò pé tẹlifíṣọ̀n ti bàjẹ́ bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀. Àwọ̀ mẹ́ta ló ń bọ̀ lórí wáyà mẹ́ta, àwọ̀ tó bá sì sọnù ló ń sọ wáyà tó já. Abẹ́rẹ́ kìíní ni pupa, ìkejì ni àwọ̀ ewé, ìkẹta ni búlúù. Bí búlúù bá sọnù, gbogbo nǹkan á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè. Bí pupa bá sọnù, á di àwọ̀ ojú omi. Bó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, á rí bí èyí tí mo rí yìí. Mo yọ kọnfátà, mo wo ẹnu rẹ̀ lábẹ́ iná fóònù: abẹ́rẹ́ kejì ti tẹ̀ gbọọrọ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹnì kan ti yọ ọ́, ó sì tì í padà lódì. Mo fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gbé e dìde díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí bó bá kán, ó parí nìyẹn. Ó tọ́. Mo dá a padà, mo wá lọ́ bóòtù méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ VGA le dáadáa, ohun tí mo ti ń sá fún láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ wo abẹ́rẹ́ yín kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, àmọ́ bí ẹ bá rí i pé ìkẹsàn-án kò sí rárá, ẹ má fòyà. Ọ̀pọ̀ ni kì í fi í sí.

Etí àwòrán náà ṣì ń wọ abẹ́ férémù: ibi tí aago máa ń wà nísàlẹ̀ ojú kò hàn tán. Tẹlifíṣọ̀n ló ń fẹ àwòrán díẹ̀ kọjá ojú rẹ̀, àṣà tó ti wà láti ayé tí etí àwòrán kì í tọ́. Mẹ́núù ni ẹ ti máa pa á. Orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ láti ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, "Just Scan" níbì kan, "Screen Fit" níbòmíràn. Ìṣẹ́jú kan péré.

Ohùn ló kù. Bí mo ṣe sọ, VGA kì í gbé ohùn, nítorí náà mo fi wáyà kékeré so ihò hẹ́dìfóònù kọ̀ǹpútà mọ́ ihò róbótó tó wà lára kọnfátà. Kọnfátà á wá da ohùn pọ̀ mọ́ àwòrán, á sì kó o gba HDMI lọ. Mo gbé fọ́lúùmù kọ̀ǹpútà sí nǹkan bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, torí bó bá dé òpin, ohùn á máa ya, mo sì fi ìyókù sílẹ̀ fún rìmóòtù. Ohùn jáde. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn yẹn, nǹkan kan ń kùn: ùnnnnnn. Kò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Bí fídíò bá dákẹ́, òun kò dákẹ́.

Mo yọ ṣájà kọ̀ǹpútà. Ó dákẹ́. Mo kì í padà. Ùnnnnnn.

Mo kọ́kọ́ fi ṣájà náà sùn, mo yá òmíràn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. Ìkùn kan náà ni. Ìgbà tí mo wá yọ wáyà díìṣì lẹ́yìn dekódà, tí mo sì fi ṣájà sílẹ̀ nínú iná, ó tún dákẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti rí ojú ọ̀rọ̀. Ṣájà ThinkPad ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, ìkẹta ń wọ ilẹ̀ lọ láti ara ògiri. Dekódà ní wáyà tó lọ bá díìṣì, díìṣì sì wà lórí òpó irin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ilẹ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn, wọn kò sì dọ́gba. Iná kékeré kan ń ti ilẹ̀ kan lọ sí ìkejì, ọ̀nà tó sì rọrùn fún un jù ni wáyà ohùn mi. Bó ṣe ń kọjá níbẹ̀ ló ń kọrin, ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bí iná wa ṣe ń lù.

Mo mọ ohun táwọn kan máa ń ṣe sí irú èyí: wọ́n á gé ẹsẹ̀ kẹta ṣájà dànù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ẹsẹ̀ yẹn wà níbẹ̀ kí iná má baà gbé ẹni tó bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ nínú ṣájà, Bàbá sì ni ẹni tó máa ń fọwọ́ kàn án.

Ohun tí mo rà ni wọ́n ń pè ní ground loop isolator lọ́jà, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe pè é. Kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Tiransifọ́mà kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ohùn ọ̀tún, ọ̀kan fún ti òsì. Ohùn á gba inú agbára òòfà kọjá láti apá kan sí èkejì, wáyà apá méjèèjì kò sì kan ara wọn, nítorí náà iná ilẹ̀ kò rí ọ̀nà gbà. Mo fi sáàárín wáyà ohùn. Pálọ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. A gbọ́ aago ara ògiri.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó tẹ̀ lé e, mo fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ṣe wọ́n. Mo kó àwọn ìlà xrandr sínú fáìlì .xprofile kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ fúnra wọn bí kọ̀ǹpútà bá ń jí, mo yọ sleep kúrò níbẹ̀, mo sì fi èyí kún un kí àwòrán má baà máa wà lójú méjì:

xrandr --output LVDS-1 --off

LVDS-1 ni ojú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Mo gbé ìwọ̀n lẹ́tà (DPI ni wọ́n ń pè é) láti 96 sí 144, torí àga Bàbá jìnnà sí ògiri díẹ̀. Fídíò orí íntánẹ́ẹ̀tì ń ta gbọ̀ngbọ̀n bó bá jẹ́ 1080. Core 2 Duo, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà, ti dàgbà jù fún irú iṣẹ́ yẹn. Mo bọ́ sí 720, ó sì ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn fídíò kásẹ́ẹ̀tì wa kò tiẹ̀ tóbi tó ìyẹn, wọn kò yọ ọ́ lẹ́nu rárá.

Lálẹ́, Bàbá jókòó, kíbọọ̀dù tí kò ní wáyà wà lórí itan wọn. A gbé ìgbéyàwó àbúrò wọn obìnrin sí i, kásẹ́ẹ̀tì ọdún 1989. Àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, ìlà funfun ń sá kọjá nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn hàn. "Dá a dúró! Dá a dúró níbẹ̀." Mo dá a dúró. Wọ́n dìde lọ sídìí ògiri, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ka sí àwọn tó jókòó lórí ìjókòó iwájú, wọ́n ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń pe orúkọ ní kíláàsì. Wọ́n dé orí ẹni karùn-ún nígbà tí iná lọ.

Tẹlifíṣọ̀n kú. A retí kí kọ̀ǹpútà máa bá a lọ, torí bátìrì wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú. Bàbá ní, "Ó ti kú, àbí?"

Kò kú. Mo ń gbọ́ fáànù rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ní kó pa ojú ara rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n sì ti lọ, nítorí náà kò níbi tó máa ya àwòrán sí mọ́. Mi ò ronú kan iná tó lè lọ, èmi tí wọ́n bí sí Ìbàdàn. Mo fi òkùnkùn tẹ àṣẹ títí mo fi rí i gbé dìde. Lẹ́yìn náà mo lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fún kíbọọ̀dù ní iṣẹ́, mo ní bí wọ́n bá ti tẹ Ctrl, Alt àti 1 pọ̀, kó ṣe èyí:

xrandr --output LVDS-1 --auto

Nígbà tí iná dé, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta: mo fa tẹlifíṣọ̀n yọ nínú iná, mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ojú kọ̀ǹpútà sì là. Mo kọ ọ́ sórí bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kíbọọ̀dù kí Bàbá lè rí i bí n kò bá sí nílé.

Wọ́n gbé e, wọ́n nà án jìnnà, wọ́n tún gbé e súnmọ́ ojú. Wọ́n ní kí n tún un kọ, pé lẹ́tà náà ti kéré jù.